Fọ̀ Ọ́ Kí O Tó Jẹ́ Kí Wọ́n Tú U

Àbúrò mi, tí o bá jáde láàárọ̀ tí o rí ọ́ìlì nílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ rẹ, mo mọ ibi tí ọkàn rẹ máa kọ́kọ́ sá lọ: owó. Owó ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́wọ́ rẹ, owó ilé ìwé ọmọ ń bọ̀ lọ́nà, ọkọ̀ yìí náà sì ni o fi ń lọ síbi iṣẹ́ tí o tún fi ń kó ọjà láti ọjà Wàsò. Fara balẹ̀ ná. Kí o tó pe ẹnikẹ́ni, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ ìyá mi nínú yàrá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ́ìlì tó ń jò lára àwọn Corolla àti Camry tòkunbọ̀ tó kún Under G níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju ọ̀rọ̀ fílítà tí wọn ò yí dáadáa lọ, tàbí rọ́bà kékeré kan tó ti gbó. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní sùúrù, ọ̀rọ̀ rọ́bà á di ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á ní kí ẹ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, wọ́n á tú ohun tí kò bàjẹ́, ìwọ lo sì máa sanwó rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ṣáájú ohun gbogbo ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ọ́ìlì ti ń kán sílẹ̀ kọ́ ni ibi tó ti ń jò. Òkè ló ti ń ṣàn bọ̀. Ó máa ń tọ ara irin sọ̀ kalẹ̀, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á tún gbé e lọ sẹ́yìn, nígbà tó bá máa fi kán, ó ti jìnnà sí orísun rẹ̀. Eruku ọyẹ́ tiwa níbí á wá lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo abẹ́ ọkọ̀ á dúdú. Ẹni tó bá wo irú abẹ́ bẹ́ẹ̀ tó sì na ìka sí ojú kan pé "ibí ni," ó ń méfò ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn obìnrin tó bá bi mí pé: fọ̀ ọ́ kí o tó jẹ́ kí wọ́n tú u.

Àmọ́ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jò náà. Lálẹ́, tú páálí Indomie kan, tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá di àárọ̀, wo ohun tó kán sí i. Omi lásán tí kò ní àwọ̀, tó kán lẹ́yìn tí o lo AC, kò sí wàhálà kankan nínú ìyẹn. Omi aláwọ̀ ewé tàbí omi pupa tí òórùn rẹ̀ dùn nímú, omi rédíátọ̀ ni. Èyí tó pupa tó sì ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ọ́ìlì jíà ni tàbí ti sítíárì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ máa ń yọ̀ láàárín ìka, àwọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti àwọ̀ oyin títí dé dúdú kirikiri, tí ó bá sì ti pẹ́ nínú ọkọ̀, òórùn jíjó á wà lára rẹ̀. Tí òórùn náà bá ń wọlé tọ̀ ọ́ wá nígbà tí o bá há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Takie, á jẹ́ pé ọ́ìlì ti ń kán sórí páìpù èéfín tó gbóná. Má fi ìyẹn ṣeré rárá, nítorí iná.

Lẹ́yìn páálí, fa géèjì, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà, kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí o sì ti pa ẹ́ńjìnnì fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fà á yọ, nù ún, tì í wọlé pátápátá, kí o tún fà á yọ. Àmì méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ohun tó wà láàárín méjèèjì tó bíi lítà kan. Gbogbo ọ́ìlì tí Corolla 1.8 ń gbà kò sì ju bíi lítà mẹ́rin lọ, nítorí náà bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀ ju àmì ìsàlẹ̀ lọ, ó ti tó ìdá kan nínú mẹ́rin tó ti bá ilẹ̀ lọ. Má ṣíná ọkọ̀ náà. Bu ọ́ìlì kún un ná.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iná pupa. Àmì kan wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ tí wọ́n yà ní àwòrán agolo ọ́ìlì ẹlẹ́nu gígùn, tí ẹ̀kán kan ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan rò pé ohun tó ń sọ ni pé ọ́ìlì ti ń tán lọ, pé àwọn ṣì lè lò ó délé bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àmì epo bẹntiróòlù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé agbára tó ń ti ọ́ìlì lọ sára àwọn irin tó ń yí ti já wálẹ̀. Irin ti ń ha irin nínú ẹ́ńjìnnì rẹ bí o ṣe jókòó sídìí sítíárì yẹn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí o gbọ́ tí ó ń kàn gbọ̀ngbọ̀n, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nọ́ọ̀kì. Láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó bíi kìlómítà 52, ibi tó dá sì pọ̀ lọ́nà náà. Tí iná yẹn bá tàn lọ́sàn-án, yà sí ẹ̀gbẹ́, pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Má sọ pé o fẹ́ kọ́kọ́ dé Odò Ọbà tó wà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo máa sọ òtítọ́ fún ọ bí ẹ̀gbọ́n: bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ọkàn rẹ kò sì balẹ̀ síbi tí o wà, ẹ̀mí rẹ ló ṣáájú. Rọra wa ọkọ̀ náà dé ibi tó sún mọ́ ọ jù tí iná àti èèyàn wà, kí o pa á níbẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, òmíràn wà fún títà ní Àràròmí, ní Gate, Ìbàdàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ọ wí fún un, títí kan ọkọ rẹ.

Kí ló dé tí fílítà kékeré fi lè da ọ́ìlì nù tó bẹ́ẹ̀? Gbogbo ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì bá fà láti inú sọ́ḿpù, àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀, inú fílítà ló ń gbà kọjá kí ó tó dé ara àwọn irin. Agbára tó ń tì í nínú agolo yẹn nígbà tí o bá ń sáré lójú títì máa ń tó ti afẹ́fẹ́ inú táyà rẹ, nígbà mìíràn ó ń jù ú lọ. Láàárọ̀ kùtùkùtù tí ọ́ìlì tutù tó sì ki, ó tún ń ga sí i. Rọ́bà róbótó kan ṣoṣo ló sì ń dí ẹnu rẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fílítà fi lè gbẹ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, tí ó sì máa ń tú ọ́ìlì jáde bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wà fún ọjọ́ méjì bá ń jò síbẹ̀, ìdí sọ́ḿpù àti bóòtù tí wọ́n ń tú láti da ọ́ìlì àtijọ́ nù ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Ó kan fífọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ti tutù pátápátá ni o máa fọ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da bẹntiróòlù sára ẹ́ńjìnnì gbígbóná nítorí pé ó fẹ́ kó iṣẹ́ náà parí kíá. Ọ̀nà tí ọkọ̀ àti ọwọ́ èèyàn ń gbà jóná nìyẹn. Kẹrosíìnì díẹ̀ lórí búrọ́ọ̀ṣì, tàbí omi àti ọṣẹ oníyẹ̀fun, pẹ̀lú àkísà gbígbẹ, ti tó. Fi ọ̀rá bo alternator àti àwọn orí wáyà. Nu ara fílítà, nu òkè rẹ̀, nu ìdí sọ́ḿpù, títí irin á fi hàn kedere, kí o sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa.

Ohun tó kàn, orí tábìlì dígí rẹ ló wà: páúdà. Bẹ́ẹ̀ ni, páúdà ọmọdé tí gbogbo wa ń lò. Wọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹnu fílítà ká, kí o wọ́n díẹ̀ sí ibi tó ga jù ú lọ tí ọ́ìlì lè gbà ṣàn wá. Àwọn tó mọṣẹ́ dunjú náà ń ṣe é. Ṣíná, wa ọkọ̀ náà láti Under G dé Takie kí o sì padà, pa á, kí o tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ojú ibi tí páúdà bá ti dúdú tó sì ti rin, ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Bí páúdà òkè bá funfun síbẹ̀ tí ẹnu fílítà nìkan rin, fílítà ni. Bí ipa ọ́ìlì bá ti òkè ẹ́ńjìnnì ṣàn kọjá lára fílítà, fílítà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè ló ti gbó, ìyẹn náà kò sì la sísọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ lọ. Wo ẹ̀rọ kékeré tí wáyà wọ̀ nítòsí fílítà pẹ̀lú, èyí tó ń tan iná pupa tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Òun náà máa ń jò, wọ́n á sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru fílítà.

Mo bẹ̀ ọ́, nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ṣí tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, di irun rẹ, yálà wíìgì ni tàbí irun dídì gígùn, yọ ìborùn, bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì kì í dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Ibi tó bá ní kòtò tàbí ẹ̀rọ gidi tó ń gbé ọkọ̀ sókè ni kí o lọ.

Ìgbà tí jíjò náà bẹ̀rẹ̀ tún ń sọ púpọ̀. Ká ní o ṣe sáfíìsì lánàá ní Owódé, ní Ọ̀yọ́, tí ọ́ìlì sì ń kán lónìí. Má wá ọ̀ràn lọ jìnnà. Ó lè jẹ́ ọ́ìlì tó dà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yọ fílítà àtijọ́ ló kù sára irin. Bí o bá nù ún tán, kò ní padà wá. Ó lè jẹ́ pé wọn ò yí i le tó. Èyí tó burú jù, tí mo fẹ́ kí o mọ̀ bí ẹni mowó, ni ti rọ́bà méjì. Rọ́bà fílítà àtijọ́ lè lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì nígbà tí agolo rẹ̀ bá jáde. Ẹni tó ń kánjú kò ní wẹ̀yìn wò, á yí tuntun lé e lórí. Ó lè dì fún ìgbà díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tútù kan tí agbára ọ́ìlì bá ga, rọ́bà kan á yọ̀ kúrò lórí èkejì, gbogbo ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì á sì dà sí títì kí o tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Bí fílítà bá ti pẹ́ lára ọkọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò, rọ́bà rẹ̀ ti le, ó ti sán. Tàbí òkúta kan ti ta á. Ọ̀nà tiwa níbí kì í ṣe ọ̀nà tí à ń yọ irin ààbò abẹ́ ẹ́ńjìnnì sọ nù, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló máa ń yọ ọ́ tí kì í dá a padà nítorí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́. Ní kí wọ́n dá tìrẹ padà, pẹ̀lú bóòtù rẹ̀ pé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Mo fẹ́ kí o dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, kí o má lọ jókòó sábẹ́ igi. Bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá náà: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí èyí tí ẹ yọ." Bí o bá gba fílítà àtijọ́, yí ẹnu rẹ̀ sókè. Ṣé rọ́bà rẹ̀ wà lára rẹ̀? Bí kò bá sí, ara ẹ́ńjìnnì ló wà, kí wọ́n yọ ọ́ kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú. Gbé àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ihò àárín tó ní ìlà lè bára mu kí fífẹ̀ rọ́bà má bára mu, irú fílítà bẹ́ẹ̀ á wọ̀, á sì jò. Kí wọ́n fi àkísà mímọ́ nu ojú irin tí rọ́bà máa jókòó lé. Kí wọ́n fi ìka kan ọ́ìlì tuntun, kí wọ́n fi pa rọ́bà náà yí ká, kí ó má bàa ká tàbí kí ó ya nígbà tí wọ́n bá ń yí i. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ ni, kì í ṣe sípánà. Nígbà tí rọ́bà bá ti kan irin, yíyí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan ló kù, àyàfi tí ohun tí wọ́n tẹ̀ sára fílítà bá sọ òmíràn. Ẹni tó bá fi sípánà dè é gbagidi ti tẹ rọ́bà náà pa, á jò níkẹyìn, ẹni tó bá sì fẹ́ yọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn á fi sìkúrúdíráfà gún un ní ìhà.

Bí Corolla rẹ bá jẹ́ 2009 sókè tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8, fílítà tirẹ lè jẹ́ oníwèé tó ń wà nínú ilé dúdú kan lábẹ́. Rọ́bà ńlá kan máa ń bá ìwé tuntun wá nínú páálí rẹ̀, kékeré kan sì wà fún bóòtù àárín. Àwọn kan máa ń yí ìwé kí wọ́n sì fi rọ́bà àtijọ́ sílẹ̀. Má gbà. Rọ́bà ńlá yẹn ní ojú ìlà tó gbọ́dọ̀ jókòó sí. Bí ó bá gun orí ìlà tó tẹ̀ lé e, jíjò dé. Nọ́ńbà tí Toyota fi lélẹ̀ fún dídè ilé náà ni 25 N·m, kò sì pọ̀ rárá. Irinṣẹ́ kan wà tó ń gbá a mú yí ká. Bí wọn kò bá ní in tí wọ́n fẹ́ fi òòlù àti ṣísù gbá a, gbé ọkọ̀ rẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, nítorí bí ilé yẹn bá ti sán, páúdà mi kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ mọ́.

Gọ́ọ̀mù ńkọ́? Wọ́n á fẹ́ fi gọ́ọ̀mù pupa tàbí dúdú kun ẹnu fílítà. Sọ pé rárá, láìjà. Gọ́ọ̀mù kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Èyí tó bá já wọnú lè lọ dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà. Wọ́n á tún ní kí o lọ ra ọ́ìlì tó ki, 20W-50, pé òun ló máa dá jíjò dúró. Wo ìdérí ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí lórí ẹ́ńjìnnì rẹ. Lára púpọ̀ nínú wọn, 5W-30 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ́ìlì kíki kò tún rọ́bà tó ya ṣe, ńṣe ló ń pẹ́ kí ó tó gòkè láàárọ̀. Ra ọ́ìlì lọ́dọ̀ ẹni tí o mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ìdè ẹnu gálọ́ọ̀nù rẹ̀ má tíì já, kí àmì MANCAP ti SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, sì wà lára èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà.

Nígbà tí wọ́n bá bu ọ́ìlì tán, jẹ́ kí wọ́n ṣíná nígbà tí ìwọ ń wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, iná pupa gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá kú, ẹ pa á. Bí ó bá kú, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu fílítà, kí ẹ pa á, kí ẹ fa géèjì lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí fílítà tuntun ti mu díẹ̀ nínú ọ́ìlì náà. Tẹ́ páálí mìíràn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nípa ọ́ìlì àtijọ́, mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ dà á sí gọ́tà. Omi kàǹga ni ọ̀pọ̀ wa ń mu nínú ilé tó yí yunifásítì LAUTECH ká, ọ́ìlì yẹn sì ń wọ ilẹ̀ lọ bá omi. Ní kí wọ́n rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù tó ṣófo; àwọn káfíńtà máa ń béèrè rẹ̀ láti fi kun pákó nítorí ikán. Bí ó bá ta sí ọ lára, fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí o tó gbé ọmọ.

Fi lítà kan irú ọ́ìlì tí ọkọ̀ rẹ ń lò sínú búútù, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti àkísà, kí o sì máa fa géèjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n tó yí fílítà tuntun wọlé, gba máákà, kọ déètì àti iye kìlómítà tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù sára agolo rẹ̀. Bí o bá fi máa rin bíi 5,000 kìlómítà tí ó tún kan sáfíìsì, ìwé ọwọ́ rẹ ni o máa wá lára èyí tí wọ́n bá yọ fún ọ.